Íápíìsì Olówó Pọ́ọ́kú Méjì, àti Bí Mo Ṣe Tún Ohùn Wọn Ṣe Kí Ìlù Lè Fọhùn

Íápíìsì méjì ni mo ti ń lò ní Ìlọrin láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn kí n tó jókòó kọ àyẹ̀wò yìí: Moondrop Chu II àti 7Hz x Crinacle Zero:2. Onírin kékeré ni ti àkọ́kọ́, oníke tó tóbi díẹ̀ jù ú lọ sì ni èkejì. Ọdún 2023 ni àwọn méjèèjì jáde, kò sì sí èyí tí iye rẹ̀ ju dọ́là 25 lọ nínú wọn nígbà náà. Àmọ́ kí a tó fi náírà ra dọ́là, kí a tó san owó tí wọ́n fi gbé e wá láti Ṣáínà, kí ẹni tó ń tà á tó fi èrè tirẹ̀ lé e, ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀pọ̀ lókè òkun ti di owó gidi lọ́wọ́ wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ohun tí mo rí nínú wọn láìfi bò, títí kan iṣẹ́ tí mo ṣe sí ohùn wọn lórí fóònù, nítorí pé kò sí èyí tó bá etí mi mu tán ní ọjọ́ tí mo yọ ọ́ nínú páálí.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ irú orin tí mo ń gbọ́. Dàdàkúàdà ni mo fi ń jí, ti Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú àti ti Jáígbadé Àlàó. Fúji ti Àyìnlá Kollington ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, kíké Àlùkùránì ni mo fi ń sùn. Ohùn ènìyàn àti ohùn ìlù ni gbogbo rẹ̀, béèsì kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ ìwòyí fẹ́ràn kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ orin mìíràn lè lo àwọn nọ́ńbà tí mo máa kọ sísàlẹ̀ yìí kí ó sì rí i pé wọn kò dùn létí rẹ̀ rárá. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ohun tí etí rẹ̀ ń wá ni kò jọ tèmi.

Ìlù ni mo fi ń dán íápíìsì wò. Ohùn mẹ́ta ni èdè wa ní, ìsàlẹ̀, àárín àti òkè, àwọn ohùn wọ̀nyí náà sì ni onígángan fi ń sọ̀rọ̀, nítorí pé awọ kò ní ètè tí yóò fi pe "b" tàbí "m". Bí íápíìsì bá po ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín pọ̀ di ẹyọ kan tó ń dún gbì-gbì, orin náà ṣì lè dùn, ènìyàn sì lè jó sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kúrò nínú ìlù. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ìlù kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan sọnù.

Ohun tó là mí lójú sí èyí ni íápíìsì kan tí mo rà ṣáájú àwọn méjì wọ̀nyí ní ìsọ̀ kan ní agbègbè Challenge, tí n kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi fọwọ́ sọ̀yà: "Àlááji, bí ẹ bá ti ki èyí bọ etí, ẹ ó rò pé òde àríyá lẹ wà." Kò parọ́. Béèsì rẹ̀ ń mi àgbárí, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì ń ta síni létí bí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà sórí páànù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo fi í sí etí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní agbo ilé wa ní Pàkátà, ẹni tó bá àwọn onílù rìn púpọ̀ nígbà èwe rẹ̀. Ó tẹ́tí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó mi orí, ó sì yọ apá kan. "Onílù yìí ń sọ nǹkan," ó ní, "àmọ́ wọ́n ti fi aṣọ dí i lẹ́nu." Mo ní, "Bàbá, ṣé kò dùn ni?" Ó ní, "Ó dùn. Ṣé mo ní kò dùn ni? Mo ní n kò gbọ́ ohun tó wí."

Irú ohùn yẹn ni àwọn tó ń yẹ íápíìsì wò ń pè ní ohùn onílẹ́tà V, nítorí pé bí a bá yà á sórí gíráàfù tó ń fi hàn bí ohùn ṣe lágbára tó, láti èyí tó nípọn dé èyí tó tín-ín-rín, ìsàlẹ̀ ga, òkè ga, àárín sì wọlẹ̀ bí àfonífojì. Inú àfonífojì yẹn gan-an ni ohùn akọrin àti ọ̀rọ̀ ìlù wa ń gbé. Kò yà mí lẹ́nu pé irú wọn ló pọ̀ jù lórí igbá: oníbàárà tó dúró sẹ́nu ìsọ̀, tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò sì ní ju ìṣẹ́jú kan lọ tí yóò fi dán nǹkan wò, èyí tó pariwo jù ni yóò rà. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo wá fẹ́ ra òmíràn, gíráàfù ni mo kọ́kọ́ wò kí n tó wo owó. Nǹkan kan wà lórí gíráàfù tó lè ṣi ènìyàn lọ́nà, òun ni òkè kan tó máa ń yọ ní agbègbè 3,000 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan; bó bá ṣe pọ̀ tó ni ohùn ṣe ń tín-ín-rín tó). Ihò etí tí a kò dí dà bí fèrè tí ìpẹ̀kun rẹ̀ kan dí, ó sì máa ń gbé ohùn agbègbè yẹn sókè fúnra rẹ̀. Bí a bá ki íápíìsì bọ inú rẹ̀, a ti ba fèrè náà jẹ́, íápíìsì ló sì gbọ́dọ̀ san ohun tí a gbà lọ́wọ́ etí padà. Nítorí náà, òkè yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Íápíìsì tí kò bá ní i rárá ni akọrin rẹ̀ yóò máa dún bí ẹni tó bo ẹnu. Sean Olive àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Harman ní Amẹ́ríkà jẹ́ kí àwọn ènìyàn fi etí ara wọn yan ohùn tó wù wọ́n, wọ́n sì fa ìlà kan yọ láti inú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń wò ṣe àwòkọ́ṣe. Ìlà tí wọ́n fà fún íápíìsì ní 2019 ni àwọn ènìyàn ń tọ́ka sí jù lọ. Wọ́n rí i nínú iṣẹ́ wọn pé àwọn kan fẹ́ kí béèsì ju ti ìlà náà lọ, àwọn mìíràn sì fẹ́ kí ó dín. Ẹni tó bá ń fi ìlà yẹn na àwọn yòókù ní pàṣán ti ṣàṣejù.

Ọmọ Chengdu ní Ṣáínà ni Moondrop tó ṣe Chu II. Irin ni ara rẹ̀, ó kéré, ó sì ń tutù lára etí ní àárọ̀ ọyẹ́. Awọ tó ń gbọ̀n nínú rẹ̀ kò ju mílímítà 10 ní ìbú lọ, ohun tó sì ń ṣe kò yàtọ̀ sí ohun tí ojú ìlù ń ṣe, àfi pé iná ló ń lù ú. Chu ti àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní 2022, kò ṣeé yọ wáyà lára rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí wáyà bá já, ó parí nìyẹn. Ti Chu II ṣeé yọ, èyí nìkan sì tó fún mi láti yàn án ju ti ìṣáájú lọ, nítorí pé wáyà ni ó ń kọ́kọ́ kú lára gbogbo íápíìsì tí mo ti lò rí. Ní ti ohùn, akọrin ló wà níwájú. Mo gbọ́ èémí Ọdọ́láyé láàárín ẹsẹ kan sí èkejì, mo sì gbọ́ bí ohùn àwọn elégbè ṣe ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó papọ̀. Kíké Àlùkùránì mọ́ gaara. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé "s" àti "ṣ" ń gún etí, pàápàá nínú àwọn àwo àtijọ́ tí wọ́n gbà láti inú kásẹ́ẹ̀tì, tí ariwo téèpù ti wà nínú wọn tẹ́lẹ̀. Ìlù sì fúyẹ́ díẹ̀, bí ẹni pé wọ́n gé ìdí rẹ̀.

Zero:2 yàtọ̀. Crinacle, ará Singapore tó lókìkí nínú wíwọn ohùn íápíìsì, ló bá ilé iṣẹ́ 7Hz tún ohùn rẹ̀ ṣe. Béèsì rẹ̀ pọ̀ ju ti Chu II lọ, òkè rẹ̀ sì rọ̀. Fúji dùn nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìlù ní ìdí, ara sì lè gbà á fún wákàtí mẹ́ta láìsí pé ó rẹ etí mi. Ṣùgbọ́n akọrin fà sẹ́yìn díẹ̀ sí àárín àwọn onílù rẹ̀, èyí tí kì í ṣe ipò tó yẹ ọ̀gá. Ara rẹ̀ tún tóbi débi pé n kò lè fi ẹ̀gbẹ́ sùn lé e lórí ìrọ̀rí.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan equalizer, ìyẹn ohun tí a fi ń gbé apá kan ohùn sókè tàbí tí a fi ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lórí fóònù, kí ó kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ rọ́bà tó ń wọnú etí. Mo rò pé ìdajì àwọn tó ń kùn pé íápíìsì wọn kò ní béèsì, rọ́bà ni wọn kò tíì rí tó bá ihò etí wọn mu. Bí àlàfo tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun bá wà láàárín rọ́bà àti awọ etí, béèsì á jò dànù bí omi inú garawa tó lu, kò sì sí iye tí a lè fi kún un lórí fóònù tí yóò dá a padà bó ṣe yẹ. Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ rọrùn. Màá ki íápíìsì bọ etí láìtan orin, màá sì ta ìka mi nítòsí etí; bí mo bá ń gbọ́ ìró ìka náà kedere, rọ́bà kò tíì jókòó. Lẹ́yìn náà ni màá fi ọwọ́ òdìkejì fa etí sókè àti sẹ́yìn, kí ihò náà lè tọ́, màá sì yí íápíìsì díẹ̀ bí ẹni tó ń yí kọ́kọ́rọ́. Etí mi ọ̀tún gba rọ́bà àárín, ti òsì gba ńlá, ó sì tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó gbà pé etí méjèèjì ẹni kan ṣoṣo lè yàtọ̀ síra. Rọ́bà tó bá Chu II wá le fún mi, mo sì fi ti Zero:2 rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ equalizer wá kàn, ibẹ̀ sì ni mo ti tẹ́ ara mi. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo gba Chu II, mo gbé béèsì rẹ̀ sókè ní 10 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe lágbára tó) lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé etí mi ṣì ń rántí íápíìsì òde àríyá yẹn. Gbogbo ìgbà tí ìlù ńlá bá dún, ohùn á ya, á máa há bí páànù tó ti dógùn-ún. Mo ní wọ́n ti ta ayédèrú fún mi. Mo wọ korope láti Tanke lọ bá ẹni tó bá mi rà á, mo sì fi ohùn líle bá a sọ̀rọ̀ lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Kò bá mi jà. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó pa equalizer, ó sì dá a padà fún mi. "Ẹ gbọ́ ọ báyìí, ẹ̀gbọ́n." Ohùn mọ́ tónítóní. Mo tọrọ àforíjì, mo sì ra rọ́bà tí n kò nílò kí ojú má baà tì mí jù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí: ohùn inú fóònù ní àjà tí kò lè kọjá. Orin tí wọ́n gbà síta ti máa ń ga débi tí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà náà, nítorí náà ẹni tó bá fi 10 dB kún un dà bí géńdé tó ń fò sókè nínú yàrá tí àjà rẹ̀ kúrú. Orí ni yóò fi gbá a. Níwọ̀n ìgbà tí 10 dB jẹ́ agbára lọ́nà mẹ́wàá, ẹ lè rí i pé ohun tí mo béèrè kò kéré. Oògùn rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní preamp, èyí tó ń rẹ gbogbo ohùn sílẹ̀ ṣáájú: iye tí ẹ bá fẹ́ fi kún ibi tó ga jù ni kí ẹ fi rẹ preamp sílẹ̀. Ohùn gbogbo á lọ sílẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ yín ni ẹ ó sì fi gbé e sókè padà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́kọ́ bi ara mi pé kí ni mo lè dín, kí n tó bi ara mi pé kí ni mo lè fi kún un.

Lórí fóònù Android, áàpù equalizer kan tó ń jẹ́ Wavelet ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní àkójọ àtúnṣe tó wá láti inú AutoEq, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí Jaakko Pasanen ṣe, tó ń lo ìwọ̀n tí àwọn ènìyàn ti wọ̀n láti fa ohùn íápíìsì kọ̀ọ̀kan sún mọ́ ìlà Harman. Ẹ kọ orúkọ íápíìsì yín síbẹ̀, ó parí. Ìbẹ̀rẹ̀ tó dára ni, àmọ́ létí tèmi, ó gbọn ẹran kúrò lára ìlù. Nígbà tí mo rí i pé mo fẹ́ yan ibi tí màá fọwọ́ kàn gan-an, mo lọ sórí Poweramp Equalizer, níbi tí ènìyàn ti lè yan ibi tó fẹ́ ní Hz, iye rẹ̀ ní dB, àti bó ṣe máa fẹ̀ tó, èyí tí wọ́n ń pè ní Q. Q kékeré fẹ̀ bí ìgbálẹ̀, Q ńlá tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ń lo kọ̀ǹpútà Windows lè rí irú rẹ̀ lò nínú Equalizer APO.

Bí mo ṣe wá ibi tí ìlù ti ń sọ̀rọ̀ nìyí. Mo fi orin kan tí gángan ń dá sọ̀rọ̀ níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀, mo sì ṣe é kó máa tún ara rẹ̀ ṣe. Mo rẹ preamp sílẹ̀ ní 6 dB, mo gbé ibì kan ṣoṣo sókè ní 6 dB pẹ̀lú Q 4, mo wá ń sún un díẹ̀díẹ̀ láti 100 Hz lọ sí 600 Hz, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ wá ibi tó ń dun aláìsàn. Ní 100 Hz, ìró ìlù ńlá nìkan ló ń wú. Nígbà tí mo dé nǹkan bí 250 Hz, gángan náà yọjú lójijì, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín rẹ̀ pínyà, mo sì gbọ́ gbólóhùn kan tí mo ti fi ọdún púpọ̀ gbọ́ láìgbọ́. Lẹ́yìn 400 Hz, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Bákan náà ni mo ṣe wá "s" tó ń gún etí, mo sì bá a ní agbègbè 5,500 Hz. Orí àwọn àwo tèmi àti nínú etí tèmi ni èyí o. Kí olúkúlùkù sún tirẹ̀.

Àtúnṣe Chu II tí mo gúnlẹ̀ sí kò ju mẹ́ta lọ: low shelf, èyí tó ń gbé gbogbo ohùn tó wà nísàlẹ̀ ibì kan sókè pọ̀, ní 105 Hz, tí mo fi 2.5 dB kún. 250 Hz, tí mo fi 1.5 dB kún pẹ̀lú Q 1. Àti 5,500 Hz, tí mo dín ní 2.5 dB pẹ̀lú Q 2. Preamp wà ní −3 dB. Ti Zero:2 kéré sí ìyẹn: mo dín 150 Hz ní 2 dB pẹ̀lú Q 0.8 kí ìlù ńlá má baà gun orí gángan, mo sì fi 1.5 dB kún 1,500 Hz pẹ̀lú Q 1 kí akọrin lè sún síwájú, preamp ní −2 dB. Ẹ ó rí i pé àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí kéré. Èyí tó bá nílò 8 tàbí 10 dB kí ó tó ṣeé gbọ́, íápíìsì mìíràn ni ó yẹ kí ẹ rà. Mo dán èyí wò lára íápíìsì onílẹ́tà V yẹn pẹ̀lú: mo fa àfonífojì rẹ̀ sókè, ohùn akọrin padà wá lóòótọ́, àmọ́ òkè rẹ̀ kún fún gegele tó ṣe ṣóńṣó débi pé bí mo bá tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀, òmíràn á yọ.

Bí fóònù yín kò bá ní ojú íápíìsì, ẹ ó nílò wáyà kékeré tó ń ti ojú ṣájà bọ́ sí íápíìsì. Èyí tó wọ́pọ̀ tó fún àwọn méjèèjì, torí pé wọn kò béèrè agbára púpọ̀. N kò gbọ́ ìyàtọ̀ tó yẹ kí ènìyàn tìtorí rẹ̀ ra èyí tó wọ́n. Nínú korope, àwọn méjèèjì ń dí ariwo tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi nílò láti gbé ohùn sókè, èyí sì ṣe pàtàkì: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ṣe kọjá wákàtí 40 lọ́sẹ̀ nídìí ohùn tó tó 80 dB. Bí ẹ bá ń rìn létí títì Taiwo, ẹ yọ apá kan, nítorí ẹ kò ní gbọ́ ọ̀kadà.

Bí ẹnìkan bá ní kí n yan ọ̀kan fún òun, Chu II ni màá mú fún ẹni tó ń gbọ́ dàdàkúàdà, wáàsí àti Àlùkùránì, Zero:2 fún ẹni tí fúji tàbí orin ijó pọ̀ jù nínú ohun tó ń gbọ́, tàbí tí kò fẹ́ fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan rárá. Zero:2 nìkan ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi báyìí. Mo gbé Chu II lọ sí Pàkátà pẹ̀lú àtúnṣe rẹ̀ lórí fóònù mi àtijọ́, mo tan orin kan náà tí mo tàn fún Bàbá nígbà àkọ́kọ́. Ó tẹ́tí. Kò sọ nǹkan kan fún mi fún ìgbà pípẹ́, àfi ètè rẹ̀ tó ń mì bí ó ṣe ń tẹ̀lé ohun tí onílù ń wí. Ìgbà tí orin parí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní èébú ni ọkùnrin yẹn fi ń bú ẹnìkan láti ìbẹ̀rẹ̀. Fóònù àti íápíìsì náà kò sì tíì padà sọ́wọ́ mi.